Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí nípa asọ̀rọ̀-ìyànjú, àti ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu lè ṣe sí ayé àti iṣẹ́ wa

Télọ̀ ni mí ní Iléṣà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń gbé máìkì lé mi lọ́wọ́ níbi fríídọ̀mù àwọn ọmọ iṣẹ́, pé kí n gba àwọn tó ń gbòmìnira níyànjú. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-ìwé ti mọ̀ mí tí wọ́n ń pè mí, àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ń pè mí, ó sì ti gbé mi dé Ilé-Ifẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àwọn mìíràn á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru. Mo ti ṣa àwọn tí ẹ ń bi mí jù jọ síbí. Bí mo ṣe máa dáhùn tí a bá jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù mi náà ni mo ṣe dáhùn.

Mọ̀mí, ta ni asọ̀rọ̀-ìyànjú? Ṣé kì í ṣe nǹkan àwọn òyìnbó ni?

Orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè é, mótíféṣọ̀nà sípíkà, ló jẹ́ ti òyìnbó. Ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti di iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun: ọdún 1912 ni Dale Carnegie bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní New York bí wọ́n ṣe lè dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ láì gbọ̀n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, tí ìyá sì ki oríkì rẹ̀ fún un, mọ bí ara ṣe ń yá. Àgbẹ̀ tó wà lóko àáró, tí onílù ń fi ìlù pe orúkọ baba rẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ kì í falẹ̀.

Ohun kan wà nínú oríkì tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Oríkì kì í sọ fún ọmọ pé yóò di ẹkùn lọ́la. Ó ń sọ fún un pé ọmọ ẹkùn ni. "Ọmọ Owá, ọmọ ẹkùn": bí wọ́n bá ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀ tán, àwọn ìwà kan wà tí ojú á tì ọ́ láti hù. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyànjú òde òní, ọ̀la nìkan ló ń sọ: wàá ra mọ́tò, wàá kọ́lé, wàá lọ sí Kánádà. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù láyé mi ni èyí tó rán mi létí ẹni tí mo jẹ́ lónìí, tí aṣọ aláṣọ wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn bàbá wa òṣómàáló kò lọ sí sẹ́mínà kankan, wọ́n sì lówó. Kí la wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ fún?

Bàbá àgbà kan ló kọ́kọ́ bi mí ní èyí níbi ìpàdé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ó fi ìbínú bi mí ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí di òní, nítorí ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n ronú lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn náà dáadáa. Ogun Kírìjì tí Ògèdèǹgbé wa jà, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lórí rẹ̀ ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Àwọn tí ogun ti gba ìgbà èwe wọn padà wálé, ọ̀nà là, òwò sì ń pè. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Ìjẹ̀ṣà ti gbé aṣọ lérí, wọ́n ń kiri láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń tà á láwìn. Oníbàárà á gba aṣọ lónìí, á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé tí owó kò jáde, ọmọ Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Kò ní jókòó, kò ní dìde, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà, àfi kí owó rẹ̀ jáde. Ohun tí orúkọ náà ń sọ nìyẹn, pé òṣó ni n ó ló títí n ó fi gba owó mi.

Àwọn kan ń fi orúkọ yìí bú wa pé a láhun. Èmi ò rí ìyẹn nínú rẹ̀. Ẹni tí mo rí níbẹ̀ ni ẹni tó ti mọ ọjọ́ tí òun máa dé, ibi tí òun máa wà, àti ohun tí òun gbọ́dọ̀ rí kí òun tó dìde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Ta ló wá kọ́ wọn? Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú o! Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin á tẹ̀ lé ọ̀gá, á ru ẹrù aṣọ, á máa gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń dúnàádúrà, á máa wò bí ọ̀gá ṣe ń gba èébú mọ́ra láì dá a padà. Nígbà tó bá yá, òun náà á gba aṣọ, á lọ dá dúró. Ọ̀rọ̀ àti ìrìn kò pínyà lọ́wọ́ wọn. Àwa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí àga ike nínú gbọ̀ngàn, a ò sì bá ẹni tó sọ ọ́ rìn dé ibi kankan. Bí bàbá yẹn bá ń bínú sí èyí, mo bá wọn bínú sí i.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ènìyàn tí ọ̀rọ̀ fi ń wú u lórí? Ṣé òótọ́ ni pé ó lè yí ọwọ́ tí mo fi mú iṣẹ́ padà?

Ó lè yí i padà, bí ọ̀rọ̀ náà bá rí nǹkan dì mú lára rẹ. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, kọ ọ́ ní 1977 pé ọ̀nà mẹ́rin ni ìgbàgbọ́ pé "mo lè ṣe é" ń gbà wọ inú ènìyàn. Èyí tó lágbára jù ni kí ènìyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan náà rí. Èkejì ni kó rí ẹni tó jọ ọ́ tó ń ṣe é. Ẹ̀kẹta ni kí ẹlòmíràn sọ fún un pé ó lè ṣe é. Ẹ̀kẹrin ni bí ara ṣe ń ṣe é lásìkò náà, bóyá àyà ń já a ni tàbí ara balẹ̀.

Ipò kẹta ni asọ̀rọ̀ wà. Kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àkọ́kọ́.

Mo rí èyí lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo lè fi oṣù mẹ́ta sọ fún ọmọ pé rírán síìpù kò le. Á máa mi orí, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan màá gé èérún àǹkárá fún un, kì í ṣe aṣọ oníbàárà, màá ní kó rán síìpù kan sí i, kó tú u, kó tún un rán. Ní ìgbà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, síìpù á wọlé láì wọ́. Á fà á sókè, á fà á sílẹ̀, á tún fà á sókè. Ẹ wo ojú ọmọ náà nígbà yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tó lè gbé ojú bẹ́ẹ̀ jáde. Àmọ́ bí n kò bá ti sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó ti sá lọ sílé kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ asọ̀rọ̀ nìyẹn: kí ó dá ọ dúró títí tí ọwọ́ rẹ fi máa mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, asọ̀rọ̀ tó bá gbọ́n kì í fi ọ̀nà kẹta nìkan bá yín lò. Á fún yín ní iṣẹ́ kékeré tí ẹ lè ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Á sì sọ ibi tí òun ti ṣubú rí, kí ẹ lè rí i pé ẹni tó jọ yín ni òun.

Bí mo bá kúrò níbi ọ̀rọ̀, bí iná ni mo máa ń rí. Kó tó di Ọjọ́rú, ó ti kú. Ṣé èmi ni mo ya ọ̀lẹ?

Rárá. Ọpọlọ ẹ̀dá ló rí bẹ́ẹ̀. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1885 lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò: á kọ́ àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, á wá wo iye tó kù. Kí ọjọ́ kan tó pé, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá padà sí ohun tó gbọ́ kò lè retí pé kó dúró.

Ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ kan wà tó ń ránṣọ nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Wàhálà rẹ̀ ni "ẹ wá gbà á lọ́la." Bí ẹ bá dé lọ́la, á tún ní ọ̀la. Lọ́dún kan, ó gba àǹkárá méjìlá fún ìgbéyàwó kan. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, mẹ́ta péré ló ti parí. Wọ́n kó aṣọ yòókù lọ bó ṣe wà, wọ́n sì bú u lójú àwọn aládùúgbò. Ó wá bá mi, ó ń sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà, ó wà níbi fríídọ̀mù tí mo ti sọ̀rọ̀ lórí mímú àdéhùn ṣẹ. Ó wà ní ìlà iwájú, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo bi í pé kí ló rántí nínú ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ ní ká jẹ́ olóòótọ́, mà."

Mo wo ara mi lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo fún un kò ní ibi tí ènìyàn lè fọwọ́ dì í mú.

Ní ọjọ́ Ajé mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. A mú ìwé kíkọ ọmọ iléèwé kan, a lu ihò sí igun rẹ̀, a fi èérún àǹkárá so ó mọ́ ìṣó tó wà lókè maṣíìnì. Gbólóhùn kan ṣoṣo la jọ kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́: "Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ wá, kí n tó fọwọ́ kan teèpù, màá ka iye aṣọ tó wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà; bó bá ti pé mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa dá." Ọ̀sẹ̀ kìíní, oníbàárà mẹ́ta bínú gbé aṣọ wọn lọ. Ó pè mí lórí fóònù pé, "Mọ̀mí, ìwé yìí ń lé ènìyàn o." Mo ní kó fara dà á. Méjì nínú àwọn mẹ́ta yẹn kò padà wá títí dòní, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń gba aṣọ wọn lọ́jọ́ tó dá, àwọn náà sì ń mú ẹlòmíràn wá.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá mìíràn láti Jámánì, tó kọ ọ́ ní 1999 pé ẹni tó bá fi ìpinnu rẹ̀ sí "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí màá ṣe nìyí" máa ń mú un ṣẹ ju ẹni tó kàn sọ pé "màá gbìyànjú" lọ. Àwọn òṣómàáló ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ wà, ibi wà, ohun tí wọ́n ń dúró dè wà. Bí ìpinnu rẹ kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tíì lóṣòó.

Wọ́n ní kí n máa fi ojú inú rí ara mi nínú ilé ńlá láràárọ̀. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Gabriele Oettingen àti Thomas Wadden tẹ ìwádìí kan jáde ní 1991 lórí àwọn obìnrin tó ń gbìyànjú láti dín sísanra wọn kù. Àwọn tó gbàgbọ́ pé àwọn máa ṣe é, wọ́n dín in kù dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jókòó la àlá ojúmọmọ, tí wọ́n ń rí ara wọn bí ẹni tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tán, àwọn ni kò dín in kù tó àwọn yòókù. Ìrètí dára. Àmọ́ bí ọkàn bá ti jẹ oúnjẹ náà tán lójú àlá, kí ló máa gbé ọwọ́ dé ìdí ààrò? Dípò ilé ńlá, fi ojú inú wo ohun tó máa dí ọ lọ́wọ́ lónìí, kí o sì mọ ohun tí wàá ṣe sí i.

Iṣẹ́ mi ti sú mi. Owó rẹ̀ kéré, ọ̀gá mi kò sì rí mi bí ènìyàn. Ṣé ọ̀rọ̀ ìyànjú lè mú kí n fẹ́ràn rẹ̀?

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ọ̀rọ̀ kì í san owó oṣù. Bí wọ́n bá jẹ ọ́ lówó, ohun tí o nílò ni owó rẹ, kì í ṣe asọ̀rọ̀ tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí ebi. Inú máa ń bí mi tí ilé iṣẹ́ kan bá jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní gbèsè tó wá pè mí pé kí n wá gbà wọ́n níyànjú. Mo ti kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí, màá tún kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí owó bá ń wọlé, bó tilẹ̀ kéré, tó sì jẹ́ pé ọkàn rẹ ló ti kúrò nídìí iṣẹ́, nǹkan wà tí a lè ṣe. Ní 2001, Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton kọ nípa àwọn agbálẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Àwọn kan ní ilẹ̀ làwọn ń gbá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní àwọn wà lára àwọn tó ń mú aláìsàn lára dá: wọ́n ń kí aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kò wá wò, wọ́n ń fi ọ̀nà han àlejò tó ti ṣìnà. Ìgbálẹ̀ kan náà ni. Àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ wọn ń dùn mọ́ nínú.

Bí ẹ bá ń ránṣọ, ẹ kàn lè máa so bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ẹ sì lè rò ó pé bàbá kan ń wọ agbádá yìí lọ síbi tó ti máa fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́. Èmi a máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí n tú ojú abẹ́rẹ́ tí kò gún, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹni tó máa rí i.

Bí ọ̀gá bá ń fi ìyà jẹ yín, tó ń nà yín tàbí tó ń tàbùkù yín, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ ìyànjú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ asọ̀rọ̀ gidi yàtọ̀ sí gbájúẹ̀?

Mo ti kó sí i rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọ̀rẹ́ kan ló mú mi lọ. Gbọ̀ngàn kún, orin ń dún, ọkùnrin náà wọ kóòtù funfun. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, omi bọ́ lójú mi, kò sì sí irọ́ nínú omi ojú yẹn. Ìgbà tí ọkàn gbogbo wa ti rọ̀ tán ló wá sọ pé ẹ̀kọ́ gidi wà ní ìpele kejì, pé àwọn tó bá sanwó lónìí nìkan ni ìlẹ̀kùn ṣí fún, pé ẹni tí kò bá lè sanwó, tálákà ló fẹ́ kú. Ó ní kí àwọn tó fẹ́ dìde. Mo dìde. Owó ilé-ìwé ọmọ mi ló wà nínú báàgì mi. Ẹ̀kọ́ ìpele kejì kò wáyé, nọ́ńbà tí wọ́n fún wa kò sì lọ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi maṣíìnì mi kejì dí owó yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ mi bi mí pé, "Mọ̀mí, ṣé ẹ ti sanwó?", mo sì dákẹ́.

Nítorí náà mo máa ń wo àwọn nǹkan kan. Ẹni tó bá ní kí n pinnu lórí owó kí n tó sùn, mo ń dìde kúrò níbẹ̀. Mo máa ń bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ sísọ, kí n lè mọ ibi tó ti kọ́ ohun tó ń sọ. Bí gbogbo ìtàn rẹ̀ bá parí sí mọ́tò, n kì í gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá sì wá da ọ̀rọ̀ ìyànjú pọ̀ mọ́ owó tó ń di ìlọ́po láì sí ọjà tí a ń tà, ẹ sá! Ẹ rántí MMM tó ti owó àwọn ènìyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó owó sí i, ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi fà wọ́n wọlé.

Ṣé ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí kò ti tó?

Fún àwọn kan, ó tó. Wáàsí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Èmi ń bá a sọ̀rọ̀ lórí òun àti ìwé tó rọ̀ sókè maṣíìnì. N kò rí ìjà láàárín méjèèjì.

Ọmọ mi gbọ́ asọ̀rọ̀ kan, ó ní òun fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀, pé Bill Gates náà kò parí ìwé. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ sọ ìyókù ìtàn náà fún un. Òótọ́ ni pé Bill Gates kúrò ní Harvard ní 1975. Ṣùgbọ́n ọdún 1968 ló ti ń lo kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé rẹ̀ ní Seattle, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, kọ̀ǹpútà sì ṣọ̀wọ́n láyé ìgbà yẹn. Ó ti kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ọdún mélòó kan kó tó fi yunifásítì sílẹ̀, iṣẹ́ sì ti wà tó ń dúró dè é níta. Ẹ wá bi ọmọ yín wọ́ọ́rọ́wọ́: kí ni ó ti ń ṣe láti ọdún méje sẹ́yìn? Ta ló ń dúró de iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Bó bá ní ìdáhùn gidi, ẹ jókòó tì í kí ẹ gbọ́ ọ yé. Bí kò bá ní, òun fúnra rẹ̀ á gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe rí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyànjú ni mo ti gbọ́, inú mi kò dùn síbẹ̀. N kì í sùn, oúnjẹ kò wù mí. Kí ló ṣe mí?

Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà sí iṣẹ́. Bí ọkàn ènìyàn bá rẹ̀wẹ̀sì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó ń fẹ́ràn kò wù ú mọ́, tí oorun àti oúnjẹ ti yàtọ̀, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àwa tó wà ní agbègbè yìí, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Obafemi Awolowo wà ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìlera ọkàn. Abẹ́ rẹ̀ náà ni Wesley Guild tó wà ní Iléṣà níbí wà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wá sí ọ lọ́kàn, má dá nìkan wà lálẹ́ òní. Pe ẹnì kan, kí ẹ jọ lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ bá sì rí asọ̀rọ̀ tó ń sọ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé kó kàn "ronú rere", ẹ bá mi gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Anti, èmi náà fẹ́ di asọ̀rọ̀-ìyànjú. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iṣẹ́ kan. Fela Durotoye, asọ̀rọ̀-ìyànjú tí gbogbo ayé mọ̀, Ilé-Ifẹ̀ níbí ló ti kàwé, ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ètò ọrọ̀ ajé. Ó ní ìmọ̀ kan lọ́wọ́. Ìwọ náà, mọ nǹkan kan dé ìdí, yálà ẹ̀rọ ọkọ̀ ni o, irun dídì ni o, ìṣirò owó ni o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti máa ní egungun.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi ẹnu kọ́ṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Toastmasters, Ralph Smedley ló dá a sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 1924, ó sì ti dé Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje ni ọmọ ẹgbẹ́ sábà máa ń sọ, ẹlòmíràn á wá dìde sọ ibi tó dára àti ibi tó kù sí. Bí kò bá sí nítòsí rẹ, ẹ kó ara yín jọ, ẹni márùn-ún ti tó. Lọ síbi fríídọ̀mù, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Má gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, padà lọ bá ẹni mẹ́ta nínú àwọn tó gbọ́ ọ, bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti ṣe. Ìdáhùn wọn á dùn ọ́, á sì kọ́ ọ.

Mo ń lọ síbi ọ̀rọ̀ kan ní Sátidé. Kí ni kí n ṣe tí mo bá délé?

Kí o tó sùn, kọ ohun kan ṣoṣo sílẹ̀, kì í ṣe mẹ́wàá. Kọ ọ́ bí a ṣe kọ tọmọ iṣẹ́ mi yẹn: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ní ibi báyìí, ohun tí màá ṣe nìyí. Gbé e sí ibi tí ojú rẹ kò ti lè yẹ̀ ẹ́ nídìí iṣẹ́, kí o sì sọ fún ẹnì kan tí kò ní bẹ̀rù láti bi ọ́ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Mo kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ iṣẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé kẹta ló wà lórí ìṣó báyìí, èérún àǹkárá tí a fi so ti àkọ́kọ́ náà ló ṣì fi so ó. Obìnrin kan gbé lèésì wá níṣojú mi. Ó ti na ọwọ́ sí teèpù, ó wá dá a dúró lójijì, ó gbójú sókè wo ìwé náà, ó ka ìlà márùn-ún. Ó wá fa teèpù náà jáde.